Ìlẹ́rú yàtọ̀ sí ìkónilẹ́rú

Ẹnìkan dábàá pé kí a máa lo "ìkónilẹ́rú" fún ipò ẹni tí ó ní ẹrú nílé, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ àwọn oníròyìn lẹ́nu. N kò fara mọ́ àbá yìí. Iṣẹ́ ológun àti ti gbọ́mọgbọ́mọ ni kíkó ènìyàn lẹ́rú, ẹni tí ó sì ra ẹrú lọ́jà lè má fọwọ́ kan idà rí láyé rẹ̀.

Àwa ará Abẹ́òkúta kò ní láti wá àpẹẹrẹ lọ sọ́nà jíjìn. Ẹfúnróyè Tinúbú, tí a fi jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá ní 1864, lẹ́rú, ó sì ṣòwò ẹrú. Bí a bá kọ ọ́ pé ó kó ènìyàn lẹ́rú, iṣẹ́ jagunjagun ni a fi kún tirẹ̀ yẹn. Àjàyí Crowther ńkọ́, ẹni tí ó padà rí ìyá rẹ̀ ní ìlú wa yìí ní 1846? Ogun kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, wọ́n sì ń tà á láti ọwọ́ olówó ẹrú kan sí òmíràn, títí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n kó o, ṣùgbọ́n olówó rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ.

"Ìlẹ́rú" ni mo fọwọ́ sí. Bí "ìláyà" ti jáde láti ara "láyà" ni ó ṣe jáde láti ara "lẹ́rú", èyí tí òwe ti bá wa tọ́jú: ẹni tó lẹ́rú ló lẹ́rù. Ohun tí ẹrú fi òógùn ara rẹ̀ kó jọ pàápàá, ti olówó rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n n kò ní pe ẹni tí ó ní ẹrú ní "ẹlẹ́rú", nítorí pé ohùn ìparí nìkan ni ó yà á sọ́tọ̀ sí "ẹlẹ́rù", ẹni tí ó ni ẹrù, àwọn tí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ (wọ́n sì pọ̀ jù nínú wa) yóò sì da méjèèjì pọ̀. Fún ẹni náà fúnra rẹ̀, "olówó ẹrú" ni kí a kọ, kí a má ṣe kọ "ọ̀gá", nítorí pé bí iṣẹ́ bá sú ni, a lè kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá.

Ti ìwọ̀fà kò sí nínú èyí rárá. Láyé àtijọ́, iṣẹ́ ara rẹ̀ ni ìwọ̀fà fi ń dípò èlé owó tí a yá. Ọjọ́ tí a bá san gbèsè náà ni ó ń lọ sílé, ẹni tí ó sì yáni lówó kò láṣẹ láti tà á.