Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n fi Chromebook rọ́pò àwọn laptop ṣọ́ọ̀bù mi ní Under-G?

Ìyá Ìbejì (Under-G):
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ owó ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Under-G, létí LAUTECH, n'Ógbómọ̀ṣọ́. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ni oníbàárà mi: wọ́n ń wá forúkọ kọ́ọ̀sì sílẹ̀, wọ́n ń wá tẹ project, wọ́n ń ṣe fọ́tókópì. Ìgbà JAMB làwọn òbí náà máa ń dé. Àwọn laptop mi ti dàgbà, RAM 4GB ni gbogbo wọn, Windows 10 ló wà lórí wọn. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2025 tí Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ni ọkàn mi ò ti balẹ̀ mọ́, torí fláàṣì táwọn ọmọ yìí ń kì bọ inú ẹ̀rọ, Ọlọ́run nìkan ló mọ ibi tó ti ń bọ̀.

Ẹnì kan tó ń ta tòkunbọ̀ n'Íbàdàn wá ní kí n kó wọn tà, kí n fi Chromebook, ìyẹn laptop tó ń lo ChromeOS ti Google dípò Windows, rọ́pò wọn. Ó ní fáírọ́ọ̀sì kì í ràn án, inú browser lèèyàn ti ń ṣe gbogbo iṣẹ́, orí cloud, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ míì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ló sì ń kó o pamọ́ sí. Ó ní bí gbogbo kọ̀ǹpútà ṣe máa rí láìpẹ́ nìyẹn, kí n tètè bọ́ sí i. Bàbá Ìbejì ní tí n bá rà á, lọ́jọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ṣe ségesège, kí n máa fi gé ẹ̀fọ́. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ọmọ Ajílété:
Bàbá Ìbejì ti dá ẹjọ́ yìí. Ó ku kẹ́ ẹ sọ irú ẹ̀fọ́ tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ gé. Èmi fara mọ́ gbúre.

Oníṣẹ́ Sábó:
Mọ̀mí, ẹ má dá aláwàdà lóhùn. Àtúnṣe kọ̀ǹpútà niṣẹ́ mi, Chromebook sì ti gba ọwọ́ mi kọjá dáadáa.

Kì í ṣe nǹkan tuntun. Oṣù kẹfà ọdún 2011 ni Samsung àti Acer ti bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Lórí fáírọ́ọ̀sì, oníṣòwò yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ parọ́: fáìlì .exe tó lúgọ sínú fláàṣì ọmọ ilé-ìwé ò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀, bí ẹ̀rọ náà bá sì ṣe ń tàn ló máa ń yẹ ara ẹ̀ wò bóyá nǹkan kan ti fọwọ́ kan ètò tó ń gbé e ṣiṣẹ́. Èyí tó tún wù mí fún irú ṣọ́ọ̀bù yín ni ojú Guest, ìyẹn ojú àlejò. Ọmọ tó wá yẹ admission wò, tó gbàgbé láti jáde nínú email ẹ̀, bó bá ti kúrò nínú Guest báyìí, gbogbo ohun tó ṣe ti pa rẹ́. Ẹlòmíì tó jókòó tẹ̀ lé e ò ní rí nǹkan kan. (Ayélujára oníjìbìtì ṣì lè gba ọ̀rọ̀ aṣínà lọ́wọ́ èèyàn o, ìyẹn ò mọ irú ẹ̀rọ.)

Ṣùgbọ́n kí lẹ fi ń jẹun ní ṣọ́ọ̀bù yẹn? Ṣé kì í ṣe printer? Irú printer wo lẹ ní?

Ìyá Ìbejì (Under-G):
Printer ni o, òun ló ń san owó ṣọ́ọ̀bù. Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi. CD ló bá a wá, Windows nìkan ni wọ́n kọ sára páálí ẹ̀. A tún máa ń fi CorelDRAW ṣe káàdì ìpè.

Oníṣẹ́ Sábó:
Ibi tí wàhálà wà nìyẹn. Driver (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá printer sọ̀rọ̀) tí wọ́n kọ fún Windows ò lè wọlé sórí Chromebook. Tí ChromeOS ò bá dá printer yẹn mọ̀ fúnra ẹ̀, ó parí. Ọ̀nà kan wà tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Google Cloud Print, tó máa ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì bá irú printer bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Google ti pa á ní ìparí ọdún 2020. CorelDRAW tẹ́ ẹ fi sórí Windows náà ò ní bá yín lọ.

Tòkunbọ̀ wá lèyí tó ń bà mí lẹ́rù jù. Ilé-ìwé òkè òkun ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ tan án, ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú ibi tí wọ́n ti ń wọlé bóyá orúkọ ilé-ìwé kan wà níbẹ̀. Tí kò bá sí, ẹ tẹ Ctrl, Alt, Shift àti R pọ̀. Yóò ní òun fẹ́ ṣe Powerwash, ìyẹn ni pé kó fọ gbogbo inú ẹ̀ nù. Ẹ jẹ́ kó fọ̀ ọ́, kó tún tàn, kẹ́ ẹ gbé e sórí Wi-Fi. Bó bá tún yọjú pé ilé-ìwé báyìí ló ni òun, ẹ gbé e padà fún ẹni tó ń tà á, torí ilé-ìwé yẹn nìkan ló lè tú u sílẹ̀. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ wọ Settings, ẹ lọ sí About ChromeOS, ẹ wo ọjọ́ tí update ẹ̀ máa dópin. Ọdún mẹ́wàá ni Google ń fún àwọn tó jáde láti 2021. Àwọn àtijọ́ tí wọ́n ń kó wá bá wa, tọ̀pọ̀ nínú wọn ti tán. Ẹ óò kàn fi Windows tí wọn ò tọ́jú mọ́ pààrọ̀ nǹkan mìíràn tí wọn ò tọ́jú mọ́.

Àdùkẹ́ 300L:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Chromebook ni mò ń lò, kò sì já mi kulẹ̀. Kì í ṣe òótọ́ pé ó di pátákó tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ. Google Docs ń ṣiṣẹ́ láìsí dátà, àfi pé kéèyàn ti tan offline sílẹ̀ kí dátà tó tán. Ẹni tó bá dúró dìgbà tó tán ti pẹ́ jù. Ibi tó ti ń fún mi nira ni project: súpáfáísọ̀ mi ní Word ni òun fẹ́, bí mo bá sì ṣí i lórí Word, nọ́ńbà ojú-ìwé á ti yẹ̀, table of contents á máa tọ́ka síbi tí kò sí nǹkan. Àwọn ọmọ tó ń wá tẹ project lọ́dọ̀ yín máa pariwo. Ibi ìpamọ́ ọ̀fẹ́ náà, 15GB ni, Gmail àti fọ́tò sì jọ ń pín in ni.

Alàgbà Stadium:
Ohun méjì ni oníṣòwò yẹn pò pọ̀ fún Ìyá Ìbejì. Ọ̀kan ni kí browser jẹ́ ibi iṣẹ́, kó jẹ́ ẹ̀rọ tó wà níwájú yín ni yóò máa ṣe iṣẹ́ náà. Chromebook nìyẹn. Èyí ń gbilẹ̀ lóòótọ́: láti 2019 tí W3C, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìlànà fún ayélujára, ti fọwọ́ sí WebAssembly, ọ̀nà tó ń jẹ́ kí ètò tó wúwo yára ṣiṣẹ́ nínú browser, iṣẹ́ wúwo bí àtúnṣe àwòrán ti rọrùn láti ṣe nínú browser, Photoshop pàápàá ti ní èyí tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Èkejì ni kí kọ̀ǹpútà gan-an wà lọ́nà jíjìn, kó jẹ́ àwòrán ojú ẹ̀ nìkan ni yóò máa dé ọ̀dọ̀ yín. Windows 365 tí Microsoft gbé jáde lóṣù kẹjọ ọdún 2021 nìyẹn, oṣooṣù lẹ ó sì máa san owó ẹ̀. Èyí gan-an ni ọ̀rọ̀ Bàbá Ìbejì bá wí, nítorí kò ní nǹkan kan tí yóò ṣe fún yín bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já. Ẹ rántí ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, tí WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, àwọn okùn abẹ́ òkun tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá bá wa, bàjẹ́ pọ̀ létí Ivory Coast.

Ti pé "bí gbogbo kọ̀ǹpútà ṣe máa rí nìyẹn", ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ọ́. 2005 ni eyeOS, kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń ṣí nínú browser, jáde ní Barcelona. Mozilla gbé fóònù Firefox OS, tó jẹ́ pé bí ojú-ìwé ayélujára ni wọ́n ṣe kọ app ẹ̀, jáde ní 2013, kò pẹ́ tí wọ́n fi pa á tì. Google fúnra wọn sọ ní 2025 pé àwọn fẹ́ da ChromeOS pọ̀ mọ́ Android. Èmi ò ní torí ọ̀la ra nǹkan sí ṣọ́ọ̀bù.

Ọmọ Ajílété:
Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tó lè rọ́pò Windows, ńkọ́? Ó mọ printer ju ChromeOS lọ.

Oníṣẹ́ Sábó:
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn? Browser ni gbogbo wọn ti mọ̀ lò.

Mọ̀mí, ẹ má ra nǹkan kan. ChromeOS Flex wà, ọ̀fẹ́ ni, 2022 ni Google gbé e jáde fún irú laptop àtijọ́ tẹ́ ẹ ní. RAM 4GB tó fún un, ó sì lè ti inú fláàṣì tàn láì fọwọ́ kan Windows yín, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá Wi-Fi àti ohùn ń ṣiṣẹ́. Kì í gbé app Android o. Bó bá gbà, ẹ gbé e sórí èyí táwọn oníbàárà ń jókòó sí. Ẹ fi laptop kan sílẹ̀ pẹ̀lú Windows fún printer àti CorelDRAW, fláàṣì oníbàárà kankan ò gbọ́dọ̀ kàn án. Orí Flex ni kí wọ́n ti ṣí fláàṣì wọn, kí wọ́n sọ iṣẹ́ náà di PDF, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí email ṣọ́ọ̀bù.

Ìyá Ìbejì (Under-G):
Ọlọ́run á bù sí i fún yín. Màá gbé èyí tó dàgbà jù wá sí Sábó lọ́jọ́bọ̀. Fláàṣì báwo ni kí n mú wá?

Oníṣẹ́ Sábó:
8GB ti tó. Ohun tó bá wà nínú ẹ̀ máa pa rẹ́ pátápátá o, ẹ má gbé èyí tí fọ́tò ìkómọ wà nínú ẹ̀ wá.