“Ìdánwò”: kí ni wọ́n ń dán wò gan-an?

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹnìkan nínú wa dábàá “àyẹ̀wò ìṣègùn” fún ohun tí Òyìnbó ń pè ní “clinical trial”, iṣẹ́ tí àwọn dókítà máa ń ṣe lára aláìsàn kí wọ́n tó fọwọ́ sí oògùn tuntun. Ẹlòmíràn ní “ìdánwò” ti tó. Èmi ò fara mọ́ “àyẹ̀wò” rárá. Ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, ẹni tó bá ní òun ń lọ ṣe àyẹ̀wò, ẹ̀jẹ̀ tàbí ìtọ̀ ló fẹ́ lọ fún wọn, kó sì padà gba èsì.

“Ìdánwò” sún mọ́ ọn, àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí. Ìyá ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Jẹjẹrẹ mú un ní páńkíríàsì, ẹran rírọ̀ tó sùn sẹ́yìn àpòlúkù. Kí wọ́n tó mọ̀, ó ti tàn dé ẹ̀dọ̀. Wọ́n fi ìwé àwọn dókítà ránṣẹ́ sí mi kí n túmọ̀ rẹ̀, kí n kà á fún màmá lórí fóònù. Mo kà á pé, “Wọ́n fẹ́ kí ẹ wọ inú ìdánwò.” Màmá dákẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní, “Ọmọ mi, èyí tí mo wà nínú rẹ̀ yìí ò ì tíì tó ni?”

Omijé bọ́ lójú mi. Àṣìṣe tèmi ni. “Dán wò” ò lè dá dúró, ó gbọ́dọ̀ ní ohun tí à ń dán wò. “Ìdánwò” lásán gbé e mì, aláìsàn á sì fi ara rẹ̀ dí àyè náà. Oògùn ni wọ́n ń dán wò, kì í ṣe màmá. Ẹni tó bá rántí Kánò lọ́dún 1996, tí wọ́n fi oògùn tuntun tọ́jú àwọn ọmọdé nígbà àjàkálẹ̀ lọ́rùnlọ́rùn, tọ́rọ̀ sì dé kóòtù, kò jẹ̀bi tó bá sá. Nítorí náà, “ìdánwò-oògùn” ni mo dúró lé, ká má yọ “oògùn” kúrò lẹ́yìn rẹ̀ láé.

Mo ti ro “ìfiwéra” náà. Ó bá ìpele kẹta iṣẹ́ náà mu, níbi tí wọ́n ti ń fi oògùn kan wé òmíràn. Nínú ìdánwò-oògùn kan tí àwọn ará Faransé gbé èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2011, ènìyàn 342 tí jẹjẹrẹ yìí ti tàn nínú wọn ni wọ́n pín sí méjì. Ìdajì àwọn tó gba oògùn gemcitabine ti kú kí oṣù méje tó pé (6.8); ti àwọn tó gba FOLFIRINOX, àpapọ̀ oògùn mélòó kan, di oṣù 11.1. Ìfiwéra nìyẹn lóòótọ́. Àmọ́ ní ìpele kìíní, ìwọ̀n oògùn tí ara lè gbà ni wọ́n ń wá.

Nínú ìwé màmá, mo túmọ̀ ìpín méjèèjì tí wọ́n máa pín àwọn aláìsàn sí (“arm” lédè Òyìnbó) sí “apá kìíní” àti “apá kejì”. Màmá bi mí bóyá apá òsì ni wọ́n máa gún lábẹ́rẹ́. Mo ti pa á dà sí “ọ̀wọ́”. “Kọ̀ǹpútà ló máa ṣẹ́ kèké” láti mọ ọ̀wọ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa bọ́ sí, ìyẹn yé wọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Fún gbígbà tí aláìsàn gbà láti kópa, mo fi “ìyọ̀ǹda” rọ́pò “ìfọwọ́sí”, torí ẹni tó yọ̀ǹda lè yí ọkàn padà nígbàkigbà, bẹ́ẹ̀ ni ìwé náà sì wí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní ọ̀rọ̀ tó dára ju “ọ̀wọ́” lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ kó tó di ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́ náà ni màmá ní kí n tún un kà fún àwọn.