Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: Màmá fẹ́ bá wa gun Blood Mountain

Ìyá Ẹniọlá: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Atlanta. Màmá mi ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ti rí mọ́ọ̀lù, wọ́n ti lọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ilé ti sú àwọn. Mo wá ní kí á jọ lọ sí àwọn òkè inú igbó ìjọba Chattahoochee, ní àríwá Georgia, ní Sátidé tó ń bọ̀. Blood Mountain ló wà lọ́kàn mi. Màmá ti pé ẹni ọdún 67, orúnkún òsì a sì máa dùn wọ́n. Àwọn ọmọ jẹ́ ọdún 11 àti 7. Ọkọ mi ní òun ò rí ẹni tó ń fowó epo wá wàhálà lọ sínú igbó rí, ṣùgbọ́n òun á wakọ̀ wa. Ṣé òkè yẹn ṣe é gùn fún gbogbo wa? Irú bàtà wo la máa wọ̀? Ṣé lóòótọ́ ni béárì wà níbẹ̀? Màmá ò tíì gbọ́ ti béárì o, ẹ jọ̀wọ́.

Bàbá Tóyìn: Ẹ kú àlejò Màmá. Mo ti gun òkè yẹn tó ìgbà mẹ́fà. Láti ibi ìgbọ́kọ̀sí Byron Herbert Reece (dọ́là 5 ni wọ́n ń gbà lórí ọkọ̀), ó lé díẹ̀ ní máìlì 2 kí ẹ tó dórí òkè, bẹ́ẹ̀ náà ni àbọ̀. Ẹ má jẹ́ kí máìlì 2 tàn yín. Gbogbo rẹ̀ ló dàgẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá sì kù díẹ̀ kẹ́ ẹ dé, ẹ ó kan àpáta gbalasa tí kò sí nǹkan tí a lè dì mú lára rẹ̀. Bí òjò bá ti pa á, yíyọ̀ ló ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Ọmọ ọdún 11 á gùn ún. Ti ọdún 7 á gùn ún, á sì ráhùn títí. Ti orúnkún Màmá nìkan ni mi ò fọwọ́ sí, nítorí sísọ̀ kalẹ̀ ló ń pa orúnkún ju gígùn lọ.

Ẹ tún fojú sí ọ̀dà tí wọ́n fi kun ara igi láti júwe ọ̀nà. Ọ̀dà búlúù lẹ ó máa tẹ̀ lé láti ibi tẹ́ ẹ gbọ́kọ̀ sí. Tẹ́ ẹ bá dé Flatrock Gap, ẹ fi búlúù sílẹ̀, ẹ mú funfun tó ń gòkè. Funfun yẹn ni ti Appalachian Trail, ọ̀nà tó gba ìpínlẹ̀ 14 kọjá títí dé Maine. Èmi ò mọ̀ nígbà àkọ́kọ́. Mo tẹ̀ lé búlúù lọ ràì, mo rin wákàtí kan gbáko, mo ń yọ̀ pé òkè yìí mà rọrùn. Ìdí òkè ni mo ń yí po! Freeman Trail ni wọ́n ń pe ọ̀nà yẹn, kì í dé orí òkè rárá.

Ọmọ Ìdànrè: Bàbá Tóyìn, ẹ ṣé o, àmọ́ ẹ má fi ọjọ́ orí dí Màmá lọ́nà. Ìyá àgbà tó bí bàbá mi gun Òkè Ìdànrè nígbà tí wọ́n ju Màmá yìí lọ.

Bàbá Tóyìn: Àbúrò, Ìdànrè ní àtẹ̀gùn, ó ní irin tí a ń dì mú, ó sì ní ibi ìsinmi lójú ọ̀nà. Gbòǹgbò igi ni àtẹ̀gùn ti ibí.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Ìyá Ẹniọlá, gbé Màmá lọ sí Brasstown Bald. Òun ló ga jù ní gbogbo Georgia, 4,784 ẹsẹ̀ bàtà, ó tiẹ̀ ju Blood Mountain lọ. Ọkọ̀ yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé yín dé orí. Ohun tó kù fún ẹsẹ̀ kò tó máìlì kan, ọ̀dà títì ni wọ́n fi tẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ó ga, nítorí náà ẹ béèrè ọkọ̀ kékeré tó máa ń gbé èèyàn lọ sókè. Bí ojú ọ̀run bá mọ́, ẹ ó rí ìpínlẹ̀ mẹ́rin. Bí Màmá bá fẹ́ràn omi, Anna Ruby Falls náà dára: omi méjì ló ń já bọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀nà ibẹ̀ kò sì tó ààbọ̀ máìlì.

Bí Màmá bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kò gbọdọ̀ wà nínú ọkọ̀, inú báàgì ni kó wà. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ wo ẹ̀yìn etí àti abíyá àwọn ọmọ bóyá eégbọn ti so mọ́ wọn.

Délé Ọlọ́dẹ: Béárì wà, dúdú ni. Mo ti rí i lẹ́ẹ̀mejì, ó sá fún mi nígbà méjèèjì. Ẹ má sáré bí ẹ bá rí i. Ẹ kó àwọn ọmọ mọ́ra, ẹ pariwo, ẹ máa fẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀. Oúnjẹ ló ń pè é, ẹ má da ewé mọ́ínmọ́ín tàbí egungun ẹja dídín sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọdẹ náà ń wọgbó ní Oṣù Kẹwàá yìí, ẹ wọ aṣọ tó pọ́n bí ọsàn. Kánfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì ní eyín tó fún àwọn ọmọ. Kí ẹ sì ti gba máàpù sórí fóònù láti ilé, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e.

Bàbá Tóyìn: Ẹ kúrò nílé ní aago mẹ́fà àárọ̀. Ewé ti ń pọ́n, gbogbo Atlanta ló ń lọ síbẹ̀ wò ó, tó bá fi máa di aago mẹ́wàá kò ní sí ibi tẹ́ ẹ máa gbọ́kọ̀ sí.

Ìyá Ẹniọlá: Ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹniọlá ka gbogbo rẹ̀ sí Màmá létí, àti ti béárì! Màmá ní Dáfídì tó pa béárì, ṣé ó ju ọmọ aláàgùntàn lọ ni? Brasstown Bald la máa lọ, gbogbo wa. Èmi àti Ẹniọlá á padà wá gun Blood Mountain lọ́jọ́ mìíràn. Ó ku ẹyọ kan: òòyì ọkọ̀ máa ń kọ́ Màmá lójú, ṣé ọ̀nà ibẹ̀ ní kọ́nà púpọ̀?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Háà, kọ́nà lórí kọ́nà ni. Iwájú ni kí wọ́n jókòó sí, kí ọkọ rẹ rọra wakọ̀, kí ọ̀rá wà nítòsí bí èébì bá gbé wọn.