Eńjìnì alálọbọ̀ kan, kì í ṣe “ẹlẹ́sẹ̀ méjì”

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o. Lórí orúkọ tí a ń wá fún eńjìnì tú-sítróòkù ti àwọn alùpùpù àtijọ́, ẹnì kan dábàá “ẹlẹ́sẹ̀ méjì”, ẹlòmíràn ní “aládàlù”. Èmi kò fara mọ́ ìkankan.

Ẹ pe alùpùpù ní ẹlẹ́sẹ̀ méjì, táyà ni gbogbo ayé yóò máa wò. Aládàlù sàn díẹ̀, torí a máa ń po ọ́yìlì mọ́ bẹntiróò kí á tó rọ ọ́ sí táǹkì. Àmọ́ ní 1964, Yamaha gbé Autolube dé: ọ́yìlì ní àgbá tirẹ̀, páńpù ló ń fà á wọ inú eńjìnì. Kò sí àdàlù mọ́, tú-sítróòkù náà ṣì ni.

Inú eńjìnì ló yẹ kí á ti mú orúkọ. Ọ̀gá mẹkáníìkì kan tú orí BSA Bantam, alùpùpù tú-sítróòkù àwọn Gẹ̀ẹ́sì, níwájú mi ní Tákíè, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kò sí fáàfù kankan níbẹ̀, ìyẹn ìdérí tó ń ṣí, tó ń pa dé fún epo àti èéfín. Ihò ni wọ́n dá sí ara sìlíńdà; písítọ̀nù, irin tó ń lọ sókè sódò nínú sìlíńdà náà, fúnra rẹ̀ ló ń dí wọn, òun náà ló ń ṣí wọn. Bó ṣe ń gòkè, ó ń fún epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀ lókè, ó sì ń fa tuntun wọlé nísàlẹ̀. Iná ṣá, písítọ̀nù já wálẹ̀, èéfín gba sàlẹ́ńsà jáde, epo tuntun gun òkè. Ó parí! Àlọ kan, àbọ̀ kan, iná kan. Honda 50 tó jẹ́ fọ́ọ̀-sítróòkù ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ kó bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí iná tó ṣá lẹ́ẹ̀kan.

Nítorí náà, “alálọbọ̀ kan” ni mo fi sílẹ̀ fún tú-sítróòkù, “alálọbọ̀ méjì” fún fọ́ọ̀-sítróòkù. Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ yóò ní iye rẹ̀ kò bá ti Gẹ̀ẹ́sì mu, torí Gẹ̀ẹ́sì ka àlọ sí sítróòkù kan, àbọ̀ sí òmíràn. Kí ló kàn wá? Ohun tí eńjìnì ń ṣe là ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ ní “alálọ kan àbọ̀”, kí ọmọdé má rò pé ọ̀kan àti ìdajì là ń kà.

Mìlímítà 58 tí písítọ̀nù Bantam ń rìn láti ìsàlẹ̀ dókè, tí Gẹ̀ẹ́sì tún ń pè ní sítróòkù, ńkọ́? “Ìrìn písítọ̀nù” ti tó fún ìyẹn.