Ṣúgà bàbá mi ò wálẹ̀, ọkàn wọn náà ti rẹ̀wẹ̀sì

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí o. Ọdún 9 rèé tí bàbá mi ti ní àtọ̀gbẹ, ẹsẹ̀ wọn ti ń kú báyìí, lóru á tún máa jó wọn bí iná, wọn kì í rí oorun sùn. Lọ́jọ́sí mo yọ píìnì lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ wọn, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó gún wọn. Látìgbà yẹn ògiri ni wọ́n ń kọjú sí, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà ti gba eruku. Mo bẹ̀bẹ̀, mo pariwo (kò yẹ kí n pariwo ṣá), mo ń ka oògùn fún wọn, pàbó. Dókítà, ẹsẹ̀ nìkan ló ń wò. Mo kà á pé oògùn kan tó ń jẹ́ duloxetine wà fún ìrora iṣan ìmọ̀lára àti ìrẹ̀wẹ̀sì pa pọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lò ó, báwo ni mo ṣe máa bá dókítà sọ ọ́?