Àbọ̀ lórí àgùntàn mi tó ń mí hẹlẹhẹlẹ

Ẹ̀yin ará, àbọ̀ rè é o. Abo àgùntàn mi ní Gwagwalada l'Ábújá, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Yánkasà, tí mo ní ó ń mí hẹlẹhẹlẹ lọ́sàn-án tí kò sì jẹun: dókítà ẹran ti wò ó, ooru ni, kì í ṣe àìsàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n rẹ́ irun rẹ̀, ẹ ṣeun, àmọ́ àgùntàn ilẹ̀ òtútù tí irun rẹ̀ ki bí òwú ni wọ́n ń rẹ́ irun fún. Irun Yánkasà kúrú, ó sì ń dáàbò bo awọ rẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn. A fi zana, ẹní tí wọ́n fi koríko hun, ṣe ìbòji, omi ò wọ́n, ìrọ̀lẹ́ la ń fún un ní ewé ẹ̀pà gbígbẹ. Lánàá ó jẹ ẹ́ tán, ó tún ń fi imú ti abọ́ kiri. Inú mi dùn gan-an! Ọ̀rọ̀ yìí ti parí, Ọlọ́run á san yín lóore.