“Ọ̀ràn ẹ̀mí” kọ́: kí la ó pe spirituality nínú ìwé àwọn tó ń tọ́jú ìrònú ọmọdé?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ fún àwọn tó ń kọ́ nípa ìrònú àti ìwà ọmọdé dábàá pé kí religion jẹ́ “ẹ̀sìn”, kí spirituality sì jẹ́ “ọ̀ràn ẹ̀mí”. Mo fara mọ́ ti àkọ́kọ́. Ti ìkejì ni mo ní ẹjọ́ bá rò.

Ẹ jẹ́ ká gbé e dé iwájú ìyá ọmọ. Ó mú ọmọ ọdún méje tí kì í sùn lóru wá, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ṣí ìwé, ó ní: “Mà, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí ọ̀ràn ẹ̀mí ọmọ yìí.” Ó parí! Lójú ìyá, wọ́n ti ní ọmọ òun lẹ́gbẹ́ lọ́run nìyẹn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, wọ́n ti wà nílé àdúrà. “Ọ̀ràn ẹ̀mí ni” àti “kì í ṣe ojú lásán” ti di ìbejì lẹ́nu wa.

Ẹlòmíràn ní ká lo “ìgbàgbọ́”. Ọ̀rọ̀ dáadáa ni, àmọ́ ó ti lọ́kọ. Kìrìsìtẹ́nì là ń pè ní onígbàgbọ́; ẹ pe oníṣẹ̀ṣe bẹ́ẹ̀ kí ẹ rí ojú tó máa fi wò yín.

Bẹ́ẹ̀ sì ni nǹkan méjì ni religion àti spirituality lóòótọ́. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, ti 1989, fi ẹ̀sìn sí abala 14. Ní abala 27 ló ti wá ka ìdàgbàsókè ti ẹ̀mí mọ́ ti ara, ti ọpọlọ, ti ìwà àti ti àwùjọ.

Ẹ wo ọmọbìnrin tó ń ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kó tó lè kí ìrun kan, tó ń sunkún pé omi ò kan ìgúnpá òun. Ẹni tí kò mọ ẹ̀sìn á ní ọmọ yìí mà bẹ̀rù Ọlọ́run o. Ẹni tó mọ ẹ̀sìn á mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n fi òpin sí fún fífọ ẹ̀yà ara, pé ẹ̀sìn gan-an ò béèrè ìyà yìí. Ìdí tí ẹ̀sìn fi gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀kọ́ wọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ṣé ìrun yẹn ń fi ọmọ náà lọ́kàn balẹ̀ ni, àbí ó ń dẹ́rù bà á? Ìbéèrè kejì nìyẹn, òun la ń wá orúkọ fún.

Èmi mú “afẹ̀yìntì” wá: a-fi-ẹ̀yìn-tì, ohun tí èèyàn fẹ̀yìn tì kó má baà ṣubú. Ó ti wà nínú àdúrà wa tipẹ́. Ọlọ́run lè jẹ́ ẹ, orí ẹni lè jẹ́ ẹ, ìyá àgbà tó ti kú tí ọmọ ṣì ń bá sọ̀rọ̀ lè jẹ́ ẹ. (Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ ìjọba ńkọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ì- kì í ṣe a-.) Ní Aro, l'Ábẹ́òkúta, níbi tí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ wà, láwọn ọdún 1950, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo ń fi àwọn aláìsàn wọ̀ sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé, ó sì ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́. Kò ní kí aláìsàn kọ́kọ́ sọ afẹ̀yìntì rẹ̀ nù kó tó gba ìtọ́jú.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ “oníṣègùn ọkàn” tí ẹ pe àwọn tó ń tọ́jú ìrònú ọmọdé náà kúrò. Wọ́n á rò pé àyà ló ń dun ọmọ.

Àmọ́ o, ọ̀rọ̀ ìwé ni afẹ̀yìntì. Ẹ má fi bi ọmọdé. Mo bi ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, lánàá pé kí ló fẹ̀yìn tì. Ó bojú wẹ̀yìn, ó ní: “Ògiri ni, bọ̀ọ̀dá.” Nígbà tí mo wá bi í pé ta ló máa ń bá sọ̀rọ̀ bí iná bá lọ lóru, a jókòó síbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú.